Ọjọ́ Mẹ́ta fún Ìkòkò Aró

Ohun tí wọ́n ń pè ní oyè ọ̀mọ̀wé lóde òní, kò sí i ní Ìbàdàn nígbà tí èmi jẹ́ ọ̀dọ́. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ ni ìwé-ẹ̀rí àgbà tí àwọn òyìnbó mísọ̀n dá sílẹ̀ fún àwọn olùkọ́ tó bá fẹ́ gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní láti fi ọdún mẹ́ta wádìí ọ̀nà kan tí à ń gbà kọ́ ọmọ ní nǹkan, kó kọ ọ́ jọ sínú ìwé gígùn, lẹ́yìn náà kó wá jókòó níwájú àwọn àgbà kí wọ́n yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Èmi nìkan ni obìnrin nínú àwa mẹ́rin tó forúkọ sílẹ̀. N kò sì ní tijú láti sọ pé ojo ni mí. Àwọn yòókù ń bẹ̀rù pé àwọn ò ní yege. Èmi ń bẹ̀rù pé n kò ní yege, mo ń bẹ̀rù pé màá yege, mo tún ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn ilé mísọ̀n nítorí pé ó máa ń dún tí mo bá ń gùn ún.

Wọn ò jẹ́ kí n yan ohun tó wù mí. Alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, òyìnbó gíga kan tó gbọ́ Yorùbá débi pé ó lè bá ọlọ́jà nájà, sọ pé ìjọba ń fẹ́ kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ nílé-ìwé. Ó ní kí n lọ wádìí bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ aró nínú agbo ilé, kí n sì fi Yorùbá kọ ọ́ kí àwọn olùkọ́ kéékèèké lè rí i lò. Ó mọ̀ pé agbo ilé aláró ni wọ́n ti bí bàbá mi, ní Bẹẹrẹ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé láti ìgbà tí bàbá mi ti di onígbàgbọ́, tó sì kó wa kúrò níbẹ̀, àlejò ni mo jẹ́ fún wọn. Tí mo bá dé, wọn a tẹ́ ẹní fún mi, wọn a bu omi tútù fún mi, wọn a sì dá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ dúró.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni olórí àwọn aláró agbo ilé náà. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú títí dé ìgúnpá, àlùwàlá ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ kò mú un kúrò. Kì í pariwo, kì í lu ọmọ iṣẹ́, síbẹ̀ n kò rí ẹni tí mo bẹ̀rù tó o láyé mi. Tó bá fẹ́ wò mí, bàtà mi ló máa ń kọ́kọ́ wò. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo máa ń jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀, ìwé lórí itan, pẹ́ńsùlù lọ́wọ́, kí n máa bi í léèrè bí akọ̀wé kóòtù.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Wọn a gún ewé èlú, wọn a ṣù ú, wọn a sá a kó gbẹ. Wọn a sun igi di eérú, wọn a da omi gba inú eérú náà kọjá kó máa kán sínú ìkòkò mìíràn. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí, wọn a sì fi í sílẹ̀ títí aró yóò fi jinná. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà nínú ìfisílẹ̀ yẹn, nítorí pé tó bá yá jù tàbí tó pẹ́ jù, aró á kú, omi rírùn lásán ló máa kù nínú ìkòkò.

"Ìyá, ọjọ́ mélòó ni èlú ń lò nínú omi eérú?" Mo bi í léèrè bẹ́ẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́.

"Mẹ́ta."

"Ṣé ẹ máa ń ṣí ìkòkò wò kó tó pé?"

"A kì í ṣí i. Tó o bá ti dé e, o ti dé e náà nìyẹn."

Mo kọ ọ́, mo sì fa ìlà sí i nídìí. Inú mi dùn pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó sì yéni. Ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé mi, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọdún mẹ́ta ni mo fi béèrè ọ̀nà. N kò ki ọwọ́ bọ inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí pé aró ń rùn, bùláòsì mi funfun, ọ̀la sì máa ń jẹ́ ọjọ́ ìsìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò ní kí n wá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó máa ń dá mi lóhùn ohun tí mo bá bi í, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo kọ ìwé náà parí, mo fi ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà ni alága pè mí, ó ní iṣẹ́ mi ló dára jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní ojú ewé tí mo ti sọ̀rọ̀ ìkòkò aró, wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo ilé-ìwé mísọ̀n lè máa lò ó. Ó dá ọjọ́ tí wọ́n máa yẹ iṣẹ́ mi wò, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹlòmíì á jó lọ sílé. Èmi ò lè gbé oúnjẹ mì lálẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé tí nǹkan bá dùn tó báyìí, ó ti fẹ́ bàjẹ́.

Ó sì bàjẹ́ lóòótọ́. Mo lọ sí Ọjà'ba láti ra aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ń ta aṣọ aláró níbẹ̀ mọ̀ mí, nítorí pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé mo ti di aláró inú ìwé. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́ kí n mọ̀. Mo ka ohun tí mo kọ fún un láti orí, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sórí.

Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́ mẹ́ta, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí aṣọ tó kó jọ mú kó má bàa ṣubú.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sọ fún ọ? Wọ́n sọ fún èmi náà. Wọ́n ní kí n má ṣí i, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọjọ́ méje ni, ọmọ ìyá. Àràárọ̀ la sì ń ṣí i. A á gbóòórùn ẹ̀, a á tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ìwọ ò dán an wò ni?"

Ojú mi ṣú níbi tí mo dúró sí, mo sì gbọ́ ariwo ọjà bí ẹni pé ó wá láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo gbé aṣọ sílẹ̀, n kò rà á mọ́, mo gba ọ̀nà Bẹyẹrunka lọ láìmọ ibi tí mo ń lọ. Ohun tó ń dún lórí mi ni pé mísọ̀n fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn olùkọ́ ní gbogbo ìletò máa rẹ èlú fún ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ìkòkò wọn á kú, wọ́n á sì béèrè ta ló kọ ọ́. Tí mo bá dákẹ́, mo gbé. Tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ọdún mẹ́ta mi ṣòfò nìyẹn, màá padà sí kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké lábẹ́ ọkùnrin kan tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìwé kíkà. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

Ọjọ́ kejì ni mo tó ní ìgboyà láti dé Bẹẹrẹ. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé sọ. Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ fún àgbà pé ó parọ́ fún mi? Mo wulẹ̀ ní, "Ìyá, wọ́n ní ọjọ́ méje ni."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Ẹni tó ń ta aṣọ l'Ọ́jà'ba ni."

Ó jókòó. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tó rẹ́rìn-ín sí mi.

"O mà pẹ́ o. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń retí ẹ. Gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ ni mo ń sọ ọjọ́ mẹ́ta fún. Tó bá lọ sídìí ìkòkò, tó ṣe é bẹ́ẹ̀, tí aró kú mọ́ ọn lọ́wọ́, á sunkún wá bá mi. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ò bá wá, ẹnu ló fẹ́ fi ṣe aró."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún èmi?"

"O ò sọ fún mi pé iṣẹ́ lo wá kọ́. O ní ìwé lo fẹ́ kọ."

Ó na ọwọ́ sí ìkòkò òfìfo kan lẹ́bàá ògiri, ó ní tí ojú bá ń tì mí, kí n lọ gbé e.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn, ní ọjọ́ tí kò pé ogún sí ọjọ́ ìdánwò. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń dé Bẹẹrẹ, kí n tó sáré lọ sílé-ìwé. Mo sun igi, mo sẹ́ omi eérú, mo rẹ èlú. Àràárọ̀ ni mo ń ṣí ìkòkò. Mo tọ́ ọ wò, ó ta mí lẹ́nu, n kò sì mọ̀ bóyá bó ṣe yẹ kó ta ni nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò sọ fún mi. Lọ́jọ́ kẹrin, òórùn rẹ̀ yí padà, mo rò pé mo ti pa á, mo sì sunkún díẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Lọ́jọ́ keje, mo ki aṣọ funfun kan bọ̀ ọ́. Ó jáde pẹ̀lú àwọ̀ ewé, ẹ̀rù bà mí gan-an. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, ó sì ń dúdú díẹ̀díẹ̀ lójú mi títí ó fi di aró. Mo dúró síbẹ̀ tí mo ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọjá lẹ́yìn mi, ó fọwọ́ kan aṣọ náà, ó ní, "Ó jẹ́ aró." Kò sí ẹ̀bùn ilé-ìwé tí mo gbà rí tó dùn mọ́ mi tó ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé màá sọ òótọ́. Mo pinnu rẹ̀ lójú ìkòkò. Nígbà tí mo máa fi dé ilé mísọ̀n lọ́jọ́ ìdánwò, ìpinnu náà ti kéré gan-an.

Àwọn méjì ló jókòó lẹ́yìn tábìlì: alága, àti àlùfáà ìjọ wa kan, àgbàlagbà, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé. Mo fi ọwọ́ mi pamọ́ sábẹ́ ìborùn nítorí pé aró ti mú un. Alága yìn mí, ó bi mí ní ìbéèrè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo dáhùn. Ó ti ń kó ìwé jọ nígbà tí mo dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ojú ewé tí mo ti kọ ti ìkòkò kì í ṣe òótọ́."

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣíwájú èkejì. Alága gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Nítorí náà, obìnrin yìí parọ́ fún ọ."

"Rárá, sà. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni nìyẹn."

"Olùkọ́ a máa parọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́?"

"Kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí òótọ́ ni, sà."

Alága kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ronú sí i, mo rí i. Ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè gbé irú ọ̀nà ìkọ́ni bẹ́ẹ̀ síwájú ìjọba. Ó ní nínú èmi àti obìnrin náà, ẹnìkan ló ṣe àṣìṣe. Tó bá jẹ́ èmi ni, á jẹ́ pé n kò yẹ iṣẹ́ mi wò kí n tó fi ránṣẹ́, ìwádìí náà ṣubú, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin náà ni, kí n tún iye ọjọ́ náà kọ, kí n sì fi gbólóhùn kan sí i nípa ẹni tó ṣì mí lọ́nà, iṣẹ́ náà á sì wọlé. Ó ní kí n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta kí n kọ ọ́, àwọn á dúró dè mí.

Àlùfáà ló gbé tàdáwà jáde wá fún mi. Ó rí ọwọ́ mi.

"Ìdí-Arẹrẹ ni wọ́n bí ìyá mi sí," ó ní. "Aláró ni wọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n sọ fún àwọn náà."

Mo gbójú sókè. Ayọ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ó wo ilẹ̀kùn. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀, irú ẹ̀rù tí mo mọ̀ dáadáa, mo sì rí i pé bí mo bá tilẹ̀ dàgbà tó o, kò ní kúrò lára èmi náà. Ó ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ kó o máa lọ sílé." Ó sì wọlé padà.

Mo kọ ọ́. Mo lè sọ pé ebi ló ń pa mí, tàbí pé ọmọdé ń ṣe mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló bà mí, kò sí ohun mìíràn. Mo kọ pé: "Àgbà obìnrin tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi kò mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé." Nínú gbogbo ìwé gígùn náà, ibẹ̀ nìkan ni mo ti sọ pé ẹnìkan wà tó kọ́ mi. Ní gbogbo ibòmíràn, ohun tí mo kọ ni pé wọ́n máa ń ṣe báyìí, wọ́n máa ń ṣe tọ̀hún.

Mo gba ìwé-ẹ̀rí àgbà. Wọ́n kọrin fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owó oṣù mi lé sí i, wọ́n sì fún mi ní kíláàsì àwọn olùkọ́. Mo dẹ́kun àtimáa lọ sí Bẹẹrẹ. Tí mo bá fẹ́ lọ sí Ọjà'ba, mo máa ń gba ẹ̀yìn òkè Mápó kí ará ilé wa má bàa rí mi.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ránṣẹ́ pè mí níkẹyìn. Ó ní òun gbọ́ pé ìwé náà ti jáde, kí n mú un wá. Ta ni yóò kọ̀ sí i lẹ́nu? Mo mú un lọ ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tó ti kírun tán. Ó tẹ́ ẹní, kì í ṣe bí ẹni tẹ́ ẹ fún àlejò, òun náà jókòó sórí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó fi ìka dúdú rẹ̀ kan ìwé náà díẹ̀.

"Níbo ni èmi wà níbẹ̀?"

Mi ò lè fi ibòmíràn hàn án, torí ibòmíràn kò sí. Mo ṣí i, mo fi ìka rẹ̀ lé gbólóhùn náà gan-an.

"Kà á fún mi."

Mo ṣe bí ẹni ń kàwé. Mo ní, "Àgbà obìnrin tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí, ọ̀gá ni láàárín àwọn ọ̀gá. Kò sí ẹni tó mọ aró tó o ní gbogbo Ìbàdàn."

Ó di ojú. Ó jọ pé inú rẹ̀ dùn, ó fi ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ pa ìwé náà dé, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Tún un kà."

Obìnrin yìí kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń gbọ́ tí àáfà ń ké Kùránì, ó sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, bákan náà ló máa ń jáde lẹ́nu ní ìgbà gbogbo. Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórí mi, n kò rí i mú tán.

Mo ní, "Ọ̀gá àwọn aláró ni àgbà obìnrin yìí. Gbogbo Ìbàdàn ló mọ̀ pé kò sí ẹni tó kọ́ mi ní aró bíi tirẹ̀."

Mo gbọ́ tí omi eérú ń kán sínú ìkòkò lẹ́yìn wa.

"Èkejì ò rí bí èkínní," ó ní. "Èwo ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

Mo mọ̀ ní wákàtí yẹn pé tí mo bá sunkún, tí mo sọ ọ́ fún un, ó máa gbà mí. Ó ń dúró dè mí. N kò lè là á lẹ́nu.

"Èkínní ni, Ìyá."

Ó gbé ìka kúrò lórí ìwé náà. Ó ní mo káre, ó ní kí n wọlé lọ jẹun, ó sì dìde lọ sídìí ìkòkò rẹ̀. Kò bi mí ní ohunkóhun mọ́ títí tó fi kú.